Bàbà kan náà, omi méjì: bí ẹja 400 ṣe kú mọ́ mi lọ́wọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ilé àyẹ̀wò sọ pé bàbà (copper) tó yọ́ sínú omi táǹkì yín méjèèjì ní Kuje dọ́gba, síbẹ̀ ẹja kú nínú ọ̀kan, tòmíràn ń jẹun lọ. Wọn ò purọ́ fún yín. Asẹ́ tí ihò rẹ̀ ò ju 0.45 máíkírọ́ọ̀nù lọ ni wọ́n sábà máa ń fi sẹ́ omi, wọ́n á wá ka gbogbo bàbà tó bá kọjá pọ̀. Èyí tó ń dá rìn, èyí tí nǹkan mìíràn ti dì mú, iye kan ni wọ́n ń kà á sí. Èyí tó ń dá rìn gan-an ló ń pa ẹja.

Owó ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ní Kubwa, mo ní táǹkì símẹ́ńtì kan tí mò ń fi omi bóhóòlù kún, mo sì ní ti tapólì kan. Nígbà tí bóhóòlù bàjẹ́, tí owó mai ruwa ń wọ́n sí i, mo gbe omi òjò láti orí páànù sínú tapólì. Omi méjèèjì wá di àwọ̀ ewé, ni mo bá wọn copper sulphate, iyọ̀ bàbà tí wọ́n fi ń pa ewé omi, sí i, gíráàmù kan sí 1,000 lítà. (Ẹni tó tà á fún mi tiẹ̀ ní kí n kàn bu ṣíbí kan sí i!) Ti símẹ́ńtì ò mira. Nínú tapólì, kílẹ̀ tó mọ́, àwọn àrọ̀ ti ń gbé ẹnu sókè. Ẹja 400 ni mo sin.

Omi òjò ò ní nǹkan tó lè di bàbà mú. Omi bóhóòlù tèmi ní kábọ́néètì, símẹ́ńtì ń fi kún un, ìgbẹ́ àti oúnjẹ ẹja tó jẹrà sì ti yọ́ síbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń rọ̀ mọ́ bàbà, kò wá rí àyè lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹja fi ń mí, kó dí ọ̀nà tí iyọ̀ ń gbà wọ ara rẹ̀. Ẹ wo ibi tí odò ti ń pàdé òkun: lọ́pọ̀ ìgbà, ó ju 99 lọ nínú 100 bàbà tó yọ́ sómi ibẹ̀ tó so mọ́ ohun tí ewéko àti ẹ̀dá omi tú jáde. Ìwọ̀nba tó kù yẹn ló ń ṣe ọṣẹ́.

Nítorí náà, alkalinity, ìyẹn ìwọ̀n kábọ́néètì àti irú rẹ̀ tó wà nínú omi, ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n; bébà àyẹ̀wò tí wọ́n ń lò fún omi ìlúwẹ̀ẹ́ máa fi hàn yín. Ẹ pín iye rẹ̀ ní mg/L (mílígíráàmù nínú lítà kan) sí 100, ohun tó bá jáde ni gíráàmù copper sulphate fún 1,000 lítà. Tí alkalinity ò bá tó 50, ẹ má fọwọ́ kan copper sulphate rárá. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ẹja mélòó kan nínú báàfù, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, torí ewé omi tó bá kú á jẹ afẹ́fẹ́ inú omi tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá sọ fún wa: ṣé òjò wọ èyí tí ẹja ti kú?