Àbúrò, má wojú òjò: ohun tí ooru ọdún 2011 fi ilé wa ṣe ní Dallas

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. O ní oṣù Kejì lẹ kó sílé tuntun yín lẹ́bàá Dallas, òjò ò kán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilẹ̀ sì ti ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. O tún ní o wo àsọtẹ́lẹ̀ oṣù mẹ́ta tí Climate Prediction Center, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sọ bí ojú ọjọ́ á ṣe rí, gbé jáde: ti ooru jẹ́ 50 nínú 100, ti òjò sì rèé, lẹ́tà EC (Equal Chances) ni wọ́n kọ sórí agbègbè wa. O wá ń béèrè bóyá kó o mú sùúrù kí òjò dé kó o tó náwó sórí ilẹ̀ náà.

Má mú sùúrù o. Èmi mú sùúrù ní 2011, ojú mi sì rí i.

Láti ọjọ́ 2 oṣù Keje títí dé ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ogójì ọjọ́ gbáko, kò sí ọjọ́ kan tí ooru ò dé 100 Fahrenheit ní DFW, pápákọ̀ òfuurufú Dallas àti Fort Worth. Kí ọdún tó parí, ó di ọjọ́ 71. Àwọn tó ti pẹ́ níbí máa ń sọ ti 1980, tó tẹ̀ léra fún ọjọ́ 42, tó sì gun 113. Èmi ò bá wọn níbẹ̀, ti 2011 ni mo fojú ara mi rí.

Nírọ̀lẹ́, ìkuukùu á ṣú lápá ìwọ̀ oòrùn. Tẹlifíṣọ̀n á ní 20 nínú 100 ni ìrètí òjò. Màá jáde sẹ́yìnkùlé, màá máa wòkè. Lọ́jọ́ kan ó rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ló rọ̀ sí, níbi tí kò ju máìlì méjì lọ sílé. Títì ibẹ̀ ń ṣàn. Nígbà tí mo fi délé, eruku ṣì ń sọ lálá níwájú ilé wa.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i pé ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ ò ṣeé tì mọ́. Mo rò pé pákó ló wú, mo fá a. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ògiri sán láti igun ilẹ̀kùn náà lọ sókè. Níta, bíríkì ti là, ibi tó là náà ń gòkè bí àtẹ̀gùn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀. Ó ti fà kúrò lára ìpìlẹ̀, àlàfo náà gba ìka mẹ́ta. Mo ti rúlà ọmọ mi bọ̀ ọ́, gbogbo ínǹṣì 12 rẹ̀ wọlé tán, kò kan ìsàlẹ̀.

Ilẹ̀ dúdú tó wà lápá ibí yìí, amọ̀ ni. Tó bá mumi, á wú. Tó bá gbẹ, á sún kì, bí ìkòkò tí wọn ò tíì sun tí wọ́n sá sóòrùn jù. Pẹpẹ kọnkéré kan ṣoṣo ni ilé wa sì jókòó lé. Igun tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa, tí igi oak ńlá kan sì ń fa omi rẹ̀, ló rì. Owó tí wọ́n fi ri òpó sábẹ́ igun náà, owó tí a ti tọ́jú láti fi wálé ní Kérésìmesì ni. Màámi ò rí àwọn ọmọ lọ́dún yẹn. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àsọtẹ́lẹ̀ yẹn, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í kà. Wọ́n mú 30 ọdún, láti 1991 dé 2020, wọ́n pín in sọ́nà mẹ́ta, mẹ́wàá mẹ́wàá: àwọn tó gbóná jù, àwọn tó wà láàárín, àwọn tó tutù jù. Tí ẹnikẹ́ni ò bá mọ nǹkan kan, ìpín kọ̀ọ̀kan á ní 33 nínú 100. Tí wọ́n bá wá kọ 50 sórí ooru, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé 50 nínú 100, dípò 33, ló ṣeé ṣe kí ẹ̀ẹ̀rùn yìí fi bọ́ sí ìpín àwọn tó gbóná jù. EC kì í ṣe "ìdajì ni kí òjò rọ̀." Ó túmọ̀ sí pé wọn ò rí ohun tó tẹ̀ síbì kan. Ẹni tó bá fi EC dá ara rẹ̀ lọ́kàn le, òun nìkan ló ṣèlérí òjò fún ara rẹ̀.

Èyí tó yẹ kó o máa wò ni àwòrán Drought Monitor, tó ń fi bí ọ̀dá ṣe le tó hàn. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló ń jáde, láti D0, tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ, dé D4, ọ̀dá tó le jù. Tí agbègbè yín bá ti wọ D1 kí oṣù Kẹfà tó parí, bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Ilẹ̀ tútù máa ń gba lára agbára oòrùn láti fi lé omi jáde. Tó bá ti gbẹ, orí afẹ́fẹ́ ni gbogbo ẹ̀ ń dà sí. Ọ̀dá á bí ooru, ooru á tún fa ọ̀dá gùn. Afẹ́fẹ́ òkè náà á tún tẹ̀ wá mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, ìkuukùu ò ní ráyè ga. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá 2011, ó lé ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá Texas tó wà ní D4.

Torí náà, lọ́la òde yìí, ra rọ́bà oníhò wẹ́wẹ́ tó ń sun omi díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ yí ilé ká, kó jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Má da omi sínú ibi tó ya o, á kàn ṣàn lọ sábẹ́ ilé ni. Díẹ̀díẹ̀, láàárọ̀ kùtù, kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rí omi bákan náà. Yẹ òfin omi ìlú yín wò: Dallas ò fẹ́ sprinkler, ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi sí koríko, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ láti oṣù Kẹrin dé ìparí oṣù Kẹwàá.

Màmá yín tó ń bọ̀ láti Ṣàgámù, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n jókòó síta lọ́sàn-án. Tèmi wá ní 2023, wọ́n ní ooru wo làwọn ò rí rí. Òógùn ni wọ́n ń retí kí wọ́n tó mu omi, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí ń gbá òógùn lọ kó tó yọ. Orí ìjókòó ni wọ́n ti dákú mọ́ wa lọ́wọ́. Omi ni kó o máa gbé fún wọn, wọn ì báà ní òùngbẹ ò gbẹ àwọn.

Lálẹ́ òní, tan tọ́ọ̀ṣì sí igun gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Níbi tó bá ti sán, fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí ibi tó parí sí, kọ ọjọ́ òní sí i. Tó bá di ìparí oṣù, padà lọ wò ó, kó o wá sọ fún mi bóyá ó ti kọjá ìlà.