Ọmọ ọdún 2 tí kò tíì máa sọ̀rọ̀: ṣé kí n ṣì máa wò ó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 2 àti oṣù 3. "Màmá" àti "gbà" nìkan ló ń sọ. Bó bá fẹ́ nǹkan, á fà mí lọ́wọ́ débẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, kí n fọkàn balẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní ká yé sọ Yorùbá sí i. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ìyá Fìkáyọ̀, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá Fìkáyọ̀, ẹ má dúró. Lóòótọ́, àwọn ọmọ kan ń pẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń bá ẹgbẹ́ láìsí ìtọ́jú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè wo ojú ọmọ kó mọ èyí tí yóò bá ẹgbẹ́. Ó sì máa ń rìn nínú ẹbí, torí náà ohun tí màmá sọ yẹn gan-an ló fi yẹ kẹ́ ẹ tètè gbéra. Ó ti yẹ kó máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ báyìí: "omi dà?", "bàbá lọ".

Etí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ má ní ó ń gbọ́ torí pé ó ń wẹ̀yìn bí ilẹ̀kùn bá dún gbàmù. Ọmọ lè gbọ́ ìyẹn, kó má gbọ́ "s" àti "f" inú ọ̀rọ̀. Omi tó dúró lẹ́yìn ìlù etí lè fà á, yírùnyírùn àti ibà pọ́njú (jaundice) tó le nígbà ìkókó náà lè ba etí jẹ́; bó bá ṣe èyíkéyìí rí, ẹ sọ ọ́. Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn UCH, n'Íbàdàn, ò jìnnà sí yín. Àyẹ̀wò kan tiẹ̀ wà tí wọ́n ń ṣe nígbà tọ́mọ bá ń sùn. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ lọ rí speech therapist, ẹni tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀.

Ti olùkọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún un. Èdè méjì kì í dí ọmọ lẹ́nu. Yorùbá lẹ fi ń bá a ṣeré, òun lẹ fi ń bá a wí. Bẹ́ ẹ bá gbà á kúrò, kí ló kù tẹ́ ẹ máa bá a sọ?

Nílé, bó bá fà yín débi omi, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kójú yín ṣe déédéé. Ẹ ní, "Omi. O fẹ́ omi?" Ẹ wá dákẹ́, ẹ ka 1 dé 5 nínú. Bó bá ní "o-i", ẹ gbé e fún un kíá: "Omi! Gba omi." Ẹ má ní kó pè é dáadáa kó tó mu ún, omi ló fẹ́, kì í ṣe ìdánwò. Kẹ́ ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀ lásìkò oúnjẹ, tiyín àti tirẹ̀.

Bó bá pàdánù ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀, tàbí tí kì í wò yín bẹ́ ẹ bá pe orúkọ rẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò etí. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé lọ́sẹ̀ yìí.