O Ti Àpáta Mọ́ Ọmọ Náà, O sì Bá Tìrẹ Lọ

Ìbéèrè ló kún lẹ́tà rẹ láti Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́ níbí: iye ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ìwé ìtàn ìwin àti idán ní, bóyá kí o ya máàpù kí o tó bẹ̀rẹ̀, bóyá kí ọ̀rọ̀ ìṣáájú wà níwájú orí kìíní, bí o ṣe lè ṣẹ̀dá èdè fún ìjọba méjèèje tí o ti sọ lórúkọ, àti bí òfin idán ṣe gbọ́dọ̀ le tó. Ọdún mẹ́ta lo ti ń múra sílẹ̀. O ò tíì kọ orí kìíní.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ ojú ewé kejì tí o kàn sáré kọjá lórí rẹ̀. O ní nígbà tí kò síná ládùúgbò yín, ò ń sọ ìtàn ọmọkùnrin kan tó wọnú àpáta Ìdànrè fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Wọ́n ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu títí dòní pé kí o máa bá a lọ, o sì kọ̀, "torí òfin idán inú rẹ̀ ò tíì tò."

Inú bí mi nígbà tí mo débẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ń sùn lálaalẹ́, wọn ò mọ̀ bóyá ẹni wọn jáde. Ẹni tó bá ti pe "Àlọ́ o!" tí wọ́n dáhùn "Àlọ̀!", ó ti jẹ gbèsè.

Lẹ́tà bíi tìrẹ pọ̀ lọ́dọ̀ mi, àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́n ló sì ń kọ ọ́. Wọ́n á ti gbọ́ pé Tolkien, òyìnbó tó kọ ìtàn ìwin àti idán, ṣẹ̀dá èdè, pé ó ya máàpù fún ayé inú ìtàn rẹ̀, wọ́n á rò pé ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ èdè ni ní Oxford. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde nípa ayé yẹn, ní 1937, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ti ń kà á fún nílé. Kódà, ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ni bàbá rẹ̀ tó ń tẹ ìwé ní kó kà á kó sọ bó ṣe rí. Ọmọ náà ní ó dáa, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́.

Kí la tiẹ̀ ń wá lọ sí òkè òkun? D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, ní ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 1938, ọdẹ ló ń sọ ìtàn, ẹnì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, èrò sì ń wọ́ wá gbọ́.

O ní àbíkẹ́yìn wọn béèrè pé, "Kí ló ń jẹ nínú àpáta?" O ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ọ̀rọ̀ ọmọdé kẹ̀! Bó bá jẹ oúnjẹ àwọn ará inú àpáta, ṣé iyán ìyá rẹ̀ á tún lọ lẹ́nu rẹ̀? Bí kò bá jẹun, kí ló gbé e ró, kí ni wọ́n sì máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ dípò? Òfin tí ò ń wá nìyẹn. Nínú òfin tí o fi ránṣẹ́ sí mi, agbára ló kún ibẹ̀. Mi ò rí èyí tó ń dun ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ náà bá dé nìkan ni kí o yà sí máàpù. Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè lé ní 600: ta ló bá a gùn ún, níbo ló ti jókòó sinmi? Má kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú kankan. Èdè ìjọba méje, gbàgbé ẹ̀ ná.

Pe àwọn ọmọ yẹn lálẹ́ òní, kí o sì bẹ̀ wọ́n. Fi fóònù gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ bí o ṣe ń sọ ọ́, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú gbogbo ìbéèrè wọn. Ibi tí wọ́n bá ti ń tòògbé, gé e kúrú. Ibi tí wọ́n bá ti di ara wọn mú, má kánjú kúrò níbẹ̀.

Ní ti iye ọ̀rọ̀, àwọn atẹ̀wé òkè òkun sábà máa ń fẹ́ bíi 90,000 sí 120,000 fún ìwé àkọ́kọ́ irú èyí. Òdo ni tìrẹ báyìí, ìyẹn lè dúró.