Èsì: Kí ló dé tí òpó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fẹ̀ tún ń fún?

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ẹ béèrè ìdí tí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn tí wọ́n fi bàlúùnù fẹ̀ fún wọn ṣe tún fún pọ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Àwọn kan ti dáhùn pé ọ̀rá ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Iṣan tó wà nínú ògiri òpó náà ni mo fura sí.

Iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì iṣan yìí ni kó máa sún kì, kó sì máa dẹ̀. Pùròtéènì bíi actin àti myosin ló fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bàlúùnù máa ń bó awọ inú òpó náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì á rọ́ débẹ̀, wọ́n á tú pùròtéènì kan tó ń jẹ́ PDGF jáde. Bí èyí bá kan sẹ́ẹ̀lì iṣan, á dín actin àti myosin rẹ̀ kù, á pa iṣẹ́ ìsúnkì tì, á di bíríkìlà: á máa pọ̀ sí i, á ṣí wá sínú, á máa to kólájìn (pùròtéènì tó dà bí okùn líle) jọ. Àtúnṣe ló pè é, àmọ́ ó máa ń ṣe é láṣejù.

Láti ìgbà tí dókítà Andreas Gruentzig ti kọ́kọ́ fi bàlúùnù fẹ òpó ọkàn ènìyàn ní Zürich ní 1977 ni ìṣòro yìí ti wà. Sirolimus, oògùn tí wọ́n rí lára bakitéríà inú iyẹ̀pẹ̀ erékùṣù Rapa Nui (ẹ ò rí nǹkan!), ni wọ́n ń fi sára stent (ọ̀pá wáyà kékeré tí wọ́n ń tì sínú òpó kó lè ṣí sílẹ̀) báyìí kí sẹ́ẹ̀lì iṣan náà má baà pọ̀ sí i.

Ẹ bi dókítà bóyá stent olóògùn ni wọ́n fi sí bàbá lára. Kí wọ́n má sì dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró fúnra wọn o.