Ẹ̀rọ Ìgégi Àlòkù fún Igi Ìdáná: Kí Ni Kí N Wò Kí N Tó Sanwó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Igi ìdáná ni mò ń gé fún àwọn tó ń yan gàrí àti àwọn oníbúrẹ́dì. Ayín àti kájú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àáké ti sú mi. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìgégi àlòkù méjì hàn mí: Stihl 070 tí àwọn tó ń la pákó ti lò, àti Stihl 026 tòkunbọ̀ tó kéré sí i. Iye kan náà ni wọ́n ń pè wọ́n. Èwo ni kí n rà, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dára?

Ìdáhùn: Bí ẹ́ńjìnnì méjèèjì bá dára bákan náà, 026 ni kí ẹ mú. Igi ńlá àti pákó lílà ni 070 bá mu. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 106 cc, ó sì lé ní kílò 10 kí a tó ki irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí ká bọ̀ ọ́. Ẹni tó ń gé igi tí kò ju itan lọ, tó ń bẹ̀rẹ̀ tó ń dìde látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò jẹ́jọ́ ìwúwo yẹn. Èyí tó burú jù ni pé 070 kò ní bíréèkì ṣéènì. Bí ṣóńṣó irin náà bá kan igi mìíràn lójijì, ẹ̀rọ máa ń ta padà sókè sí ojú ẹni tó dì í mú, kò sì sí ohun tí yóò dá ṣéènì dúró. Níbi igi ìdáná, tí igi ti ń dùbúlẹ̀ lórí ara wọn, irú èyí kì í pẹ́ ṣẹlẹ̀. 48.7 cc ni 026, irin ínǹṣì 16 bá a mu dáadáa, ó sì ní bíréèkì. Yóò gé ayín gbígbẹ bí ṣéènì bá mú, àmọ́ kò ní yá bíi ti kájú.

Ẹ má wo ọ̀dà. Ara písítìnnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá owó yín gbé tàbí kò gbé.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan ẹ̀rọ dè yín. Bí ẹ bá dé tí ẹ́ńjìnnì ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ dúró kó tutù. Èyí tó ń ṣòroó tan láàárọ̀ ni wọ́n sábà máa ń mú gbóná kí oníbàárà tó dé. Lẹ́yìn tó bá sì ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Ibẹ̀ ni ríìngì písítìnnì tó ti jẹ máa ń tú ara rẹ̀ fó.

Kí ẹ tó tàn án rárá, ẹ pa súwíìṣì, kí ẹ fi ọwọ́ okùn tí a fi ń ta á gbé e rọ̀ sókè. Ó yẹ kó máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó máa dúró, kó tún máa lọ. Bó bá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́ńpíréṣọ̀n, ìyẹn agbára tí písítìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ti lọ. Bí mẹkáníìkì yín bá ní gééjì tí a fi ń wọ̀n ọ́n, 150 psi sókè dára. Bí kò bá dé 120, ẹ fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú sàléńsà. Iṣẹ́ bóòtù díẹ̀ ni, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi iná fóònù wo ihò tí èéfín ń gbà jáde, kí ẹ rọra fa okùn kí písítìnnì lè lọ sókè sódò. Ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dán. Bí ẹ bá rí ìlà jíjìn tó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ti jóná rí: yálà ọ́ìlì inú bẹntiróòlù kéré jù, tàbí afẹ́fẹ́ ń gba ara rọ́bà tó ti gbó wọlé. Ẹ yọ fílítà afẹ́fẹ́ náà. Bí ìyẹ̀fun igi bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ní ẹnu kàbúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì ti ń jẹ eruku. Ẹ bi í bó ṣe ń po epo. Mìlílítà 20 ọ́ìlì two-stroke gidi sí lítà bẹntiróòlù kan ni ti 026, ìyẹn 100 sí lítà márùn-ún. Bó bá ní ọ́ìlì mọ́tò lásán ni òun ń dà sí i, ẹ tún písítìnnì yẹn wò dáadáa.

Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́, tí ẹ kò fi ìka tẹ ìfúnná, ṣéènì kò gbọ́dọ̀ yí. Bó bá ń yí, ó lè jẹ́ pé wọ́n yí ìdè kàbúrétọ̀ sókè jù, tàbí kí sípíríǹgì kíláàṣì ti rọ̀. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ẹ dà á sí òsì. Bí ohùn rẹ̀ bá ń sáré sókè fúnra rẹ̀, tàbí tí kì í tètè wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá fi ìka sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọ ibi tí kò yẹ. Ẹ má gbà bí wọ́n bá ní kàbúrétọ̀ lásán ló fẹ́ títò. Ẹ̀rọ tó ti pẹ́ báyìí, rọ́bà rẹ̀ ti gan, bí ẹ bá sì ń gégi bẹ́ẹ̀, písítìnnì yóò jóná.

Ẹ tẹ ààbò ọwọ́ tó wà níwájú, tó jẹ́ ọwọ́ bíréèkì, síwájú nígbà tí ṣéènì ń sáré: ṣéènì gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ na ṣóńṣó irin sí òkè pákó funfun láì kàn án, kí ẹ tẹ ìfúnná díẹ̀. Bí ìlà ọ́ìlì kò bá hàn lára pákó, ihò ọ́ìlì ti dí tàbí pọ́ńpù ti bàjẹ́. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú nínú mọ́tò ló sábà ń fà á, nítorí èérún irin tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi sí i tó bá di tiyín.

Irin, ṣéènì àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tó ń yí ṣéènì) kò gbọdọ̀ dí ọjà lọ́wọ́, ìdúnàádúrà ni kí ẹ fi wọ́n ṣe. Bí ṣéènì bá ti ya ilà tó jìn tó ìdajì mìlímítà sára sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ṣéènì, torí ògbólógbòó yóò tètè jẹ tuntun. Ẹ ka nọ́ńbà ara ṣéènì kí ẹ tó ra fáìlì: 4.8 mìlímítà fún .325, 5.2 fún 3/8.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, pàápàá ti 070. Nọ́ńbà onífígọ̀ mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ẹ́ńjìnnì gan-an, kì í ṣe lára sítíkà nìkan.

Bí písítìnnì 026 yìí bá ti ha, ẹ má torí ìyẹn yà sí 070. Ẹ dúró de 026 mìíràn. Bí ẹni tó ń tà á bá sì kọ̀ kí ẹ tú sàléńsà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.