Fóònù ni kí ẹ kà, kì í ṣe kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè bóyá subnet mask (nọ́ńbà tó ń pinnu iye àdírẹ́sì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní) 255.255.255.0 á gba kọ̀ǹpútà 60 tó wà níbi ìkọ́ṣẹ́ wọn ní Yábàá, àbí kí wọ́n kúkú lo 255.255.0.0 kí ọkàn wọn lè balẹ̀: kọ̀ǹpútà kọ́ ni wàhálà yín. Àdírẹ́sì 254 ni mask àkọ́kọ́ yẹn gbà, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó bá sì so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì á gba ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ Èkó á mú fóònù méjì wọlé, á tún gbé laptop, gbogbo ẹ̀ ló sì máa so mọ́ Wi-Fi.

Mo bá irú ẹ̀ pàdé ní ọ́fíìsì kan ní Marina. Láàárọ̀, gbogbo nǹkan ń lọ geere. Tó bá fi máa dọ̀sán, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò ní rí íntánẹ́ẹ̀tì lò. Wọ́n ti bú àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn títí ó fi sú wọn. Mo wo laptop kan, 169.254 ni àdírẹ́sì ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ó tán! Ẹ̀rọ yẹn tọrọ àdírẹ́sì, kò rí ẹni fún un, ló bá fún ara ẹ̀ ní ọ̀kan. Àlejò tó ti lọ láti ọjọ́ mẹ́ta ṣì di tiẹ̀ mú, torí ọjọ́ 8 ni lease DHCP wọn, ìyẹn àkókò tí ẹ̀rọ fi lè di àdírẹ́sì tí DHCP pín fún un mú. Mo sọ ọ́ di wákàtí 4 kí n tó fọwọ́ kan mask rárá.

Tí ìyẹn ò bá tó, 255.255.254.0 á fún yín ní àdírẹ́sì 510. Àmọ́ tó bá jẹ́ 192.168.1 lẹ ń lò tẹ́lẹ̀, 192.168.0.1 ló ti máa bẹ̀rẹ̀ dé 192.168.1.254, kì í ṣe láti 192.168.1 o. Kí ẹ sì yí mask pa dà lórí gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n fọwọ́ tẹ àdírẹ́sì sí. Printer ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé: tí mask àtijọ́ bá ṣì wà lórí ẹ̀, tí kò sì ní gateway (ọ̀nà tó ń gbà jáde kúrò nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀), apá kan ọ́fíìsì á máa tẹ̀wé, apá kejì á máa pariwo.

255.255.0.0 ńkọ́? Gbogbo 192.168 lẹ ti gbà tán yẹn. Tẹ́ ẹ bá ṣí ẹ̀ka sí Ìkẹjà lọ́la tẹ́ ẹ fẹ́ so méjèèjì pọ̀, níbo nínú 192.168 lẹ ti máa bù fún un?

Èmi á pín in ni. Wi-Fi akẹ́kọ̀ọ́ á ní VLAN tiẹ̀ (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dá dúró lórí ẹ̀rọ kan náà) pẹ̀lú 255.255.254.0, kọ̀ǹpútà kíláàsì á gba 255.255.255.128, ẹ̀rọ 126 nìyẹn; ti akáǹtì, 255.255.255.224 tó gba 30 ti pọ̀ jù fún wọn. Switch (àpótí tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ̀) tó mọ VLAN lẹ máa nílò. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní Computer Village, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n, ẹ bi wọ́n dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó.