Ṣé kí n ṣì gbé ọmọ mi lọ kí ìyá ọkọ mi ní Kérésì?

Ẹ kúulé o ẹ̀yin òbí. London la wà, ọmọbìnrin mi pé oṣù mẹ́jọ. Ìyá ọkọ mi ní ká gbé e wá sí Òṣogbo, inú mi ń dùn, àfi bí màmá ṣe ń tàkúrọ̀sọ lórí fóònù tí wọ́n ní ìgbà kòrónà ni wọ́n dábẹ́ fún ọmọbìnrin àbúrò ọkọ mi, pé kóńkó ilẹ̀kùn tì, kò sẹ́ni tó yọjú. Àyà mi já. Ṣé kòrónà ló mú un pọ̀ ni àbí ilé tiwa nìkan?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, kì í ṣe ilé yín nìkan o. Ní April 2020, UNFPA, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iye ènìyàn àti ìbímọ, ṣírò ẹ̀ pé bí kòrónà ṣe dá iṣẹ́ àwọn tó ń gbógun ti abẹ́ dídá fún ọmọbìnrin dúró, wọ́n lè dábẹ́ fún mílíọ̀nù 2 ọmọbìnrin láàárín ọdún mẹ́wàá, àwọn tí ì bá bọ́. Ní Sòmálíà, iléèwé tì, làwọn tó ń dábẹ́ bá ń kiri ojúlé dé ojúlé bí ẹni ń kiri ẹ̀kọ. Tiwa yàtọ̀, ọmọ jòjòló ni olóólà máa ń dá a fún, ọ̀rọ̀ iléèwé kọ́, lójú tèmi àìsí àlejò ni, ojú egbò ọmọ á ti jiná kí ayé tó ṣí. (Ti Ebola 2014 ní Sierra Leone tiẹ̀ yí padà ni, ìjọba ní kí Bondo, ẹgbẹ́ awo obìnrin tó máa ń dábẹ́ fún ọmọbìnrin, dáwọ́ dúró, ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ń ba gbogbo èèyàn, ọ̀pọ̀ gbé abẹ sílẹ̀ nígbà yẹn.)

Ẹ lè lọ, ṣùgbọ́n ọkọ yín ni kó bá ìyá ẹ̀ sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin ìyàwó, kó sì sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin UK ti 2003 tó lòdì sí abẹ́ dídá fún ọmọbìnrin ò bìkítà pé Òṣogbo ni wọ́n ti ṣe é, ó lè di ẹ̀wọ̀n ọdún 14, VAPP 2015, òfin tó lòdì sí ìwà ipá ní Nàìjíríà, náà kà á léèwọ̀. Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba UK tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ní ìwé pélébé kan tó dà bíi pásípọ́ọ̀tù, òfin yẹn ló wà nínú ẹ̀, òun ni mo kì bọ báàgì nígbà tá a lọ Iléṣà. Màmá tiwa ní tí wọn ò bá dábẹ́ fún obìnrin, tí orí ọmọ bá kan ìdọ́ ẹ̀ nígbà ìbímọ, ọmọ á kú, mo ní "Màmá, èmi tí wọn ò dá fún bí mẹ́ta, wọ́n sì ń jẹ iyán yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, èmi fúnra mi ni mo ń wẹ ọmọ mi.

Tí ọkọ yín bá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, kí màmá ṣì máa wo ọmọ lórí WhatsApp ná.